Ọjọ́ tí à ń kí àlejò, tí sátẹ́láìtì ń kọjá

Ẹnu èmi gan-an ni gbogbo ìkíni ọjọ́ náà gbà kọjá, ìyẹn ló ṣe ń dùn mí títí dòní. Èmi ni olùkọ́ físíìkì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Bantè. Èmi náà ni ògbufọ̀, torí àlejò wa láti Kútọnu kò gbọ́ èdè Ìṣà wa, àwọn àgbà wa kò sì fẹ́ fi Faransé kí ẹnikẹ́ni nínú ilé ara wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe dá mi dúró láàárín gbọ̀ngàn, tí mi ò rí ibi sá gbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà lókè lọ́jọ́ yẹn. Sátẹ́láìtì kan wà tí ń yí ayé ká, tó ń ya àwòrán ìkùukùu, tó sì ń rán an sílẹ̀ bí ìró. Ẹni tó bá ní àńtẹ́nà, tó ń yí i tẹ̀lé e bó ti ń kọjá, á gbọ́ ọ: kì-kọ̀, kì-kọ̀. Kọ̀mpútà á wá máa sọ ìró yẹn di àwòrán, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí ló fi ń kọjá. Tó bá ti wọ ẹ̀yìn òkè, ó di òru kó tó tún gba orí wa.

Wáyà àti ọ̀pá onírin la fi ṣe àńtẹ́nà tiwa. Fẹlisité, tó ń darí ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wa, ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n dì mú jù. Ọmọ ìlú Lougba ni, bàbá rẹ̀ ń gbin kajú, ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé áńgẹ́lì lo fẹ́ gbọ́ ni?" Á ní, "Ìkùukùu ṣáá ni, Madamu."

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń náwó sórí ẹ̀kọ́ nípa òfurufú wá fẹ́ yan ilé-ìwé kan lágbègbè wa. Wọn á gbé irinṣẹ́ gidi wá, wọn á sì rán ọmọ tó ń darí ẹgbẹ́ níwèé dé yunifásítì. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kí aṣojú wọn fojú ara rẹ̀ rí i bí àwọn ọmọ ṣe ń gba àwòrán.

Bàbá Fẹlisité ti wá bá mi ṣáájú. "Madamu, agbára mi ti pin. Bí eléyìí ò bá bọ́ sí i, ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Savalou ló ń lọ, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán." Kò bínú sọ ọ́ rárá. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sunkún tán nílé.

Àárọ̀ la ń retí àlejò. Ọ̀nà dá a dúró, ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé, sátẹ́láìtì sì kù díẹ̀ kó yọ. Mo ṣẹ́jú sí Fẹlisité, ó gbé àńtẹ́nà àti kọ̀mpútà, ó gba pápá lọ. Mo ní kí n mú àlejò tẹ̀lé e ni Bàbá Sákárì, olórí ẹgbẹ́ òbí, dìde nínú agbádá.

"Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ kú eruku. Ẹ kú oòrùn. Ṣé ẹ bá wa ní àlàáfíà? Àwọn tó bí yín ńkọ́? Ọ̀nà tí ẹ gbà wá, ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ kọ nígbà tí ẹ bá ń padà…" Ó kí, ó ṣàdúrà, ó tún kí.

Èmi ní Faransé: "Bàbá ní ẹ káàbọ̀."

Bàbá wò mí. "Ṣé gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí eruku.

Nígbà tí àgbà mìíràn tún ń dìde, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Sákárì. "Bàbá, ẹ dákun, nǹkan wa ti ń kọjá lókè."

"Ojú ọ̀run ò lọ síbì kankan, ọmọ mi. Àlejò ló ń lọ."

Háà! Wọ́n ti gbé iyán dé pẹ̀lú wàrà Fúlàní. Àlejò wo aago, ó wò mí, ó fọwọ́. Ọmọlúàbí ni òun náà, kò lè kọ oúnjẹ àgbà. Mo gbọ́ kì-kọ̀ láti pápá. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní ilé-ìwé kan ṣì ń dúró de òun ní Savalou, ó bọ́ sínú ọkọ̀.

Eruku ọkọ̀ náà ò tíì rọlẹ̀ tí Fẹlisité fi sáré dé, ó gbá kọ̀mpútà mọ́yà. "Madamu, ó wọlé! Odindi! Ẹ wo etí òkun, ẹ wo ìkùukùu lórí òkè wa!" A ò gba èyí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wò yí ká. "Àlejò dà?"

Mo nawọ́ sí eruku ọ̀nà.

Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n yin iyán wa gan-an, àmọ́ ilé-ìwé tí aṣojú wọn ti fojú rí iṣẹ́ ni wọ́n yàn. Bàbá Sákárì gbé iṣu wá sílé mi. "Wọ́n ní èmi ni mo ba nǹkan jẹ́." Ohun tó dára jù tó ní ló fún àlejò, ta ni mo fẹ́ bá jà? Mo ní, "Rárá o, Bàbá, ọ̀nà ló fà á." Mo wọlé, mo sunkún dáadáa.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo ti padà sí Savalou tí wọ́n bí mi sí. Fẹlisité ló ń rán aṣọ mi. Àwòrán ìkùukùu yẹn wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín àwọn àwòrán aṣọ. Àwọn oníbàárà máa ń bi í pé irú lééṣì wo nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan tó ń wọn mí, ó béèrè láìwo ojú mi: "Madamu, ṣé nǹkan wa yẹn ṣì ń kọjá?"

Mo ti gbọ́ pé àwọn tó ni ín ti pa á, wọ́n ní ó ti gbó.

"Ó ṣì ń kọjá," ni mo wí. "Kò kàn sọ̀rọ̀ mọ́ ni."

Okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbójú sókè wo páànù òrùlé.

"Ẹ gbé apá yín sókè, Madamu," ó ní.

Mo gbé e sókè.