Sálúbàtà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Jù Lù Mí

Ẹni tó bá ká ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ́ ìdí iṣẹ́ á rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Á dúró níwájú dígí, á fajú ro, á na ọwọ́ sókè, á tún sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà lọ ya ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Àwòrán tó ń rìn ni iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìtàn tí wọ́n ń yà lọ́wọ́, gbogbo ayé ti jóná, àwọn ènìyàn díẹ̀ tó kù ń gbé inú ihò, ọmọbìnrin kan sì ń wá ọkùnrin tó pa ìyá rẹ̀ kiri, kó lè gbẹ̀san.

Nígbà tó ní òun fẹ́ fi fóònù ya ìrìn mi kí òun lè fi ṣe àwòkọ, mo wú bíi búrẹ́dì inú omi. Mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé èmi ni akọni inú ìtàn náà. Ọjọ́ tí apá kìíní jáde, ẹranko onírù kan tó ń jí egungun kó ló gbé ìrìn mi wọlé.

Ìyá wa pariwo, "Ọmọ mi nìyẹn! Ẹ wo bó ṣe ń ju ìdí!"

Apá ìkẹyìn ló wá di wàhálà. Ọmọbìnrin náà bá ọ̀tá rẹ̀, ó gbé idà sókè, àánú ṣe é, ó sì sọ idà kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yà á títí, ọ̀gá rẹ̀ ń dá a padà.

"Bí ẹni tí apá ń ro ló ṣe ń sọ idà kalẹ̀. Tí kò bá dáa títí ọjọ́ Ẹtì, màá gbé e fún ẹlòmíràn."

Bẹ́ẹ̀ nítorí apá ìkẹyìn yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe gba iṣẹ́ náà. Ó gbé fóònù sórí pẹpẹ kó máa ká wa sílẹ̀, ó gbá ìgbákọ mú bí idà, èmi ni ọ̀tá. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbé e sókè ni mò ń bú sẹ́rìn-ín. Ó sú u, ó lọ jókòó ti tíì rẹ̀.

Mo ní kí n pa á lẹ́rìn-ín, ni mo bá bu iyọ̀ sí tíì rẹ̀.

Ó mu ún, ó tu ú dànù. "Ta ló ṣe èyí?"

"Àǹtí, bóyá ṣúgà ti bá ayé jóná."

Ó bọ́ sálúbàtà. Mo sá yí tábìlì ká, wáyà kọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo ṣubú sí kọ̀rọ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì.

"Àǹtí, ẹ dákun! Mi ò tíì lọ́kọ!"

Sálúbàtà wà lókè. Ó wò mí. Èjìká rẹ̀ rọ̀, ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ lé e, àfi gbì, bàtà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá yíjú sí pẹpẹ. Fóònù ṣì ń ká wa sílẹ̀.

"Èjìká ni!" ló ń pariwo. "Èjìká ló kọ́kọ́ ń dárí jini, kì í ṣe ọwọ́!" Ó fò mí kọjá bí ẹni tó ń fo kòtò, ó di ìdí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá rẹ̀ kò dá èyí padà. Nígbà tí apá náà jáde, mo tún pe gbogbo àdúgbò jọ. Akọni gbé idà sókè, èjìká rẹ̀ rọ̀, idà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ni wọ́n wá fi apààyàn onírùngbọ̀n náà hàn ní kọ̀rọ̀: ó ká jọ, ẹnu rẹ̀ wọ́, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀.

Ìyá wa wo àwòrán, ó wò mí. "Irùngbọ̀n mà yẹ ọ́ o, ọmọ mi."