Ẹkún Tó Wà Lábẹ́ Ọkọ̀ Ọ̀ṣúnwùmí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ìtàn igi tó ń sọ̀rọ̀ àti òkúta tó ń dáhùn, ẹ súnmọ́ ibí, kẹ́ ẹ gbọ́ ti irin tó ń sunkún. Kì í ṣe ayé àtijọ́ ló ti ṣẹlẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni, ní ìlú Ẹdẹ, lójú ọ̀sán gangan.

Opó kan wà ní Alajue tó ń jẹ́ Ọ̀ṣúnwùmí. Ẹ̀gẹ́ ló gbìn tó fi tọ́ ọmọ mẹ́rin dàgbà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ohun tó fi sílẹ̀ kò ju oko, ilé kan, àti píkọ́ọ̀pù kan tó ti dàgbà ju Ayọ̀bámi, àbíkẹ́yìn wọn, lọ. Ayọ̀bámi yìí ló ń wa ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ ọjà, á kó ẹ̀gẹ́ sí i títí yóò fi ga bí òrùlé, àwọn obìnrin tó ń tà á a sì gun orí ẹrù, wọn a jókòó síbẹ̀ bí ẹyẹ lórí igi.

Ó tó oṣù méjì tí ọkọ̀ náà ti ń ké. Bó bá ti kó sínú kòtò tó wà lẹ́bàá afárá kékeré, yóò ké: kẹ̀-ẹ́ẹ́! Bó bá ń jáde, yóò tún ké lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀ṣúnwùmí, tó máa ń jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, a di ìjókòó mú gírígírí. Ó ti bímọ, ó sì ti gbẹ̀bí ọmọ ẹlòmíràn. Ó mọ igbe ẹni tó ń ṣagídí, ó mọ igbe ẹni tí nǹkan fẹ́ já nínú rẹ̀.

"Ayọ̀bámi, nǹkan fẹ́ já lábẹ́ ọkọ̀ yìí."

"Màámi, ọkọ̀ àgbà ni. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá ń dìde nílẹ̀, ṣé eékún yín kì í ké ni?"

"Eékún tèmi ò gbé obìnrin mọ́kànlá."

Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti wò ó. Èkíní fi gírísì sí sípíríǹgì ẹ̀yìn. Èkejì pààrọ̀ búṣì, rọ́bà tó wà lẹ́nu sípíríǹgì. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ọkọ̀ ń ké síbẹ̀. Ìgbà tó yá, Ọ̀ṣúnwùmí yarí, ó ní ọmọ ènìyàn kankan ò ní gun ọkọ̀ náà mọ́, títí kan ọmọ tóun bí, àfi tí wọ́n bá rí ibi tó ti ń dùn ún. Ayọ̀bámi fa ojú ro, ṣùgbọ́n ta ni yóò ko ìyá rẹ̀ lójú? Níkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ẹ̀gẹ́, ló ní kí wọ́n gbé e lọ bá Mansur, Bàbá Ibtisam, lójú ọ̀nà tó jáde sí ìlú Ara. "Ọkùnrin yẹn," Níkẹ́ wí, "irin ló máa ń fẹjọ́ sùn ún."

Kí wọ́n tó lọ, Ọ̀ṣúnwùmí ṣe ohun tó gbà pé ó yẹ. Ta ló máa ń gbé aláìsàn délé dókítà láìwẹ̀ ẹ́? Ó pọn omi, ó mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, ó tẹ́ ẹní, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fọ̀ ọ́ láti imú dé ìdí. Gbogbo ẹrẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti ayé ọkọ rẹ̀, ó ha á dànù, irin ń dán gbinrin.

"Màámi," Ayọ̀bámi ní, "ẹ ti wẹ̀ ẹ́ tán. Ó kù kẹ́ ẹ pọ̀n ọ́n."

Ìgbà tí wọ́n rọra wà á lófìfo dé ọ̀dọ̀ Mansur, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n bá, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó kí ìyá dáadáa, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Kò pẹ́ tó fi jáde. Ó jókòó sílẹ̀, ó wo ìyá, ó wo ọmọ.

"Ta ló fọ abẹ́ ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni o," Ọ̀ṣúnwùmí dáhùn, inú rẹ̀ dùn.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti fọ ẹ̀rí dànù. Irin tó bá ti sán, ńṣe ló máa ń ha ara rẹ̀ lójú ibi tó ti sán. Ìyẹ̀fun pupa kan máa ń jáde níbẹ̀, kúnná bí áásáà. Ìyẹ̀fun yẹn ni mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wá. Kò sí níbì kankan mọ́. Abẹ́ ọkọ̀ yìí mọ́ ju àwo tí mo fi jẹun láàárọ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lu ìyá láyà. Ọwọ́ òun fúnra òun ló nu ohun tóun ń wá nù! Ayọ̀bámi bú sẹ́rìn-ín. Mansur yíjú sí i.

"Ìwọ tó ò fọ̀ ọ́, ṣé o tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ rí?"

Kò dúró de èsì, ó yíjú padà sí ìyá.

"Ìyá," Mansur ní, "ẹ bá mi ké igbe rẹ̀."

"Kí n ké bíi ti ọkọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Etí yín ló ti gbọ́ ọ jù. Tó bá ń ké kó-kó-kó, a jẹ́ pé bóòtù kan ló dẹ̀. Tó bá jẹ́ wíín-wíín, rọ́bà ló gbẹ. Báwo ló ṣe ń ké?"

Ọ̀ṣúnwùmí pa ojú dé. Ó la ẹnu. "Kẹ̀-ẹ́ẹ́!" Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tí ọkọ̀ wà nísàlẹ̀ kòtò. "Kẹ̀-ẹ́ẹ́!"

Ojú Mansur yí padà. "Ẹ̀ẹ̀kan tó bá ń wọlé, ẹ̀ẹ̀kan tó bá ń jáde. Ṣé ó máa ń ké tí kò bá lẹ́rù?"

"Rárá o."

"Ṣáàsì ni." Ó fi ọwọ́ fa ìlà gígùn kan lẹ́yìn ara rẹ̀, láti ọrùn dé ìdí. "Egungun ẹ̀yìn tó ru gbogbo ọkọ̀. Ibì kan ti sán lára rẹ̀. Ibi tó wà ni n kò mọ̀."

"Ọ̀gá," Ayọ̀bámi dá sí i, "ọ̀la lọjà. Ẹ jẹ́ n fi kó ẹrù ọ̀la yìí ná, màá gbé e padà wá."

Mansur na ọwọ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lára ọkọ̀, ó sọ ọ́ sápò. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní ọdún kẹtàdínlógún rè é tóun gbọ́ irú igbe yìí lára ọkọ̀ ẹnìkan. Òun wá a títí, òun ò rí i, ọkùnrin náà ń kánjú, òun sì jẹ́ kó lọ. Ọkọ̀ náà ṣẹ́ sí méjì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. "Ọ̀pá ló fi ń rìn títí dòní. Gbogbo ọdún Iléyá, èmi ni mo máa ń gbé itan àgbò lọ fún un. Ó máa ń gbà á, ó máa ń ṣàdúà fún mi. Ìgbà tó bá ń ṣàdúà yẹn gan-an ló máa ń dùn mí jù."

Ayọ̀bámi ò bèèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Mansur ronú títí. Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi wá eérú."

Àwọn kan ń yan gàrí ní òdìkejì títì. Ọ̀ṣúnwùmí lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún un ní eérú ẹ̀kún agbọ̀n. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi jọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná bí àtíkè. Mansur fi òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ nu gbogbo ṣáàsì, ó wá ń da eérú náà lù ú títí abẹ́ ọkọ̀ fi funfun báláú. Ó ní kí Ayọ̀bámi kó àpò iyẹ̀pẹ̀ ogún sẹ́yìn ọkọ̀. Ó fi ṣọ́bìrì gbá iyẹ̀pẹ̀ jọ, ó ṣe òkìtì méjì sójú ilẹ̀: ọ̀kan fún táyà ọ̀tún iwájú, èkejì fún táyà òsì ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ lè yí ara bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ. Ó pa rédíò. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀.

Ó wa ọkọ̀ gun òkìtì. Kẹ̀-ẹ́ẹ́! Ó sọ̀ kalẹ̀. Kẹ̀-ẹ́ẹ́! Ó gùn ún, ó sọ̀, ó gùn ún, ó sọ̀, ó tó ogún ìgbà, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó dúró, kò pe dẹ́rẹ́bà. Ìyá ló pè.

"Ẹ wá wò ó."

Ọ̀ṣúnwùmí sùn sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Funfun ni níwájú, funfun ni lẹ́yìn. Lọ́dọ̀ sípíríǹgì ẹ̀yìn, níbi tí gbogbo ayé ti ń gbọ́ igbe náà, eérú wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe dà á. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìjókòó dẹ́rẹ́bà gan-an, létí irin pẹlẹbẹ kan tí ẹnìkan ti fi lẹ ibẹ̀ nígbà kan rí, ìlà pupa kan ti yọ jáde nínú funfun yẹn, tín-ín-rín bí òwú, ó pọ́n bí ètè ẹni tó jẹ obì.

 Ìyá fi ìka súnmọ́ ọn, kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ̀yìn la ti ń gbọ́ ọ," ó sọ jẹ́jẹ́.

"Tí eyín bá ń dun èèyàn, ṣé kì í di etí mú?" Mansur dáhùn. "Irin náà ń gbé igbe rìn."

Ó gé àlẹ̀mọ́ àtijọ́ náà kúrò. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ rèé: ṣáàsì ti ya láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó fi jáàkì gbé igun ọkọ̀ kan, ẹnu ibi tó ya náà là. Ó sọ jáàkì kalẹ̀, ẹnu náà pa dé. Ó ń là, ó ń pa dé, bí ẹnu ẹja nínú omi. Irin tí kò tíì ya lókè kò ju ìbú ìka méjì lọ. Ìka méjì péré ló ru ẹ̀gẹ́, tó ru obìnrin mọ́kànlá, tó ru ìyá àti ọmọ kọjá lórí afárá.

Ayọ̀bámi wò ó. Ó jókòó sórí táyà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó gbé lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan olóyún kan. 

"Yèyé mi Ọ̀ṣun, o ṣé o," ni ìyá wí.

"Alihamudulilai," ni Mansur wí.

Ọjọ́ méjì ló fi tún un ṣe. Kò kánjú jó o pọ̀. Ó kọ́kọ́ lu ihò róbótó kan síbi tí sísán náà parí sí, ó ní bí èyí kò bá sí, yóò máa sá lọ síwájú lábẹ́ ojú jíjó. Ó fi jáàkì tọ́ ọ dọ́gba, ó jó o tinú tòde, iná ń fò bí ìràwọ̀ tó ń já, Ọ̀ṣúnwùmí dúró lókèèrè ó fi ìborùn bo ojú, síbẹ̀ ó ń yọjú wò ó. Irin tó ti ya ń yọ́, ó ń fà mọ́ra, ó ń di ọ̀kan! Mansur wá fi irin nínípọn kan gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi bóòtù dè é. Ó bá wọn dé kòtò ẹ̀bá afárá pẹ̀lú ẹrù. Ọkọ̀ wọlé, ó jáde. Kẹ́kẹ́ pa.

"Ó ti san," Mansur ní, "ṣùgbọ́n kò di tuntun. Ẹ má di ẹrù kún un jù mọ́."

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin ti dúró dè wọ́n ní Alajue, tàwọn tapẹ̀rẹ̀. Ayọ̀bámi sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀gẹ́ ò ní kọjá pákó ẹ̀gbẹ́ mọ́," ó ní. "Èèyàn mẹ́rin péré ni màá gbé. Ẹ̀yin tó kù, mò ń padà bọ̀."

"Mẹ́rin kẹ̀!" Níkẹ́ figbe ta. "Ṣé ìyàwó lo fẹ́ lọ gbé ni, tí o ò fẹ́ ká fún un mọ́lẹ̀?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," òmíràn ní, "ọkọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni, ó ń ṣojo."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.  Ayọ̀bámi dọ̀bálẹ̀ sínú eruku lójú gbogbo wọn, ó ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ṣáàsì láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó dìde, eruku ń bẹ níwájú orí rẹ̀.

"Mẹ́rin ni mo wí."

Ọ̀ṣúnwùmí ń wò ó láti ibi tó jókòó sí. Níkẹ́ pòṣé, ó da apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dojú bolẹ̀, ó jókòó lé e, ó ń retí ìrìn kejì.