Òkè Iyanrìn ní Bàrígà

Ní àgbàlá wa ní Ṣómólú, bí o bá sọ pé o gun òkè, ohun tí wọ́n máa bi ọ́ ni pé kí lo lọ gbàdúrà fún. Kò sí ìbéèrè mìíràn. Àwọn aláṣọ funfun ń lọ sórí òkè lọ gbààwẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tiwa ń fi omijé sọ̀rọ̀ òkè Àráfà. Bàbá mi, ọmọ Ẹ̀gbá, sì gbà pé ogun nìkan ló ń lé ènìyàn gun àpáta. Pé ènìyàn lè gbéra láàárọ̀ Sátidé, kó gun òkè títí oòrùn á fi mú, kó wo ilẹ̀, kó sì sọ̀ kalẹ̀ láìtọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ wèrè ni lójú wọn. Èmi ni wèrè náà.

Ayé ológun ni nígbà náà, ìlú sì le. Wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró, ìjọba kò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ tuntun ní Èkó, ẹni tó bá sì rí mílíìkì rà, ńṣe ló ń fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ní ìlú kan lókè Ọya, tí ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ní kí n dúró ṣe tíṣà, mi ò janpata. Ìlú náà wà láàárín àwọn òkè olókùúta, ní ilẹ̀ gbígbẹ tó sún mọ́ aṣálẹ̀. Bí o bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, òkè lo máa rí. Bí o bá kọjú sí àríwá, iyanrìn ni títí ojú á fi rẹ̀ ọ́. Èmi ọmọ Ṣómólú rèé, tó jẹ́ pé ibi tó ga jù tí mo ti dé rí ni orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Palmgrove.

Èdè Haúsá tí mo gbọ́ kò ju èyí tí mo fi ń ra tòmátì lọ. Bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ti lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì, mo lè wà di ọjọ́ Ajé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi. Tọkọtaya ará Íńdíà kan tí a jọ ń kọ́ni ló kọ́kọ́ mú mi gun òkè. Ìgbafẹ́ ni tiwọn. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, àti bí a ṣe ń mu omi kí òùngbẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ èèyàn. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, tí owó oṣù wọn kò ṣe é fi ránṣẹ́ sílé mọ́, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n lọ. Wọ́n fi ọ̀pá ìrìn kan sílẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mò ń gun ún.

Tí mo bá dé òkè pátápátá, màá rí òrùlé páànù ilé ẹ̀kọ́ wa tó ń dán nísàlẹ̀, màá rí àwọn ràkúnmí tó tò tẹ̀ léra wọn bọ̀ láti inú iyanrìn, màá sì rí òjìji ìkuukùu tó ń kọjá lórí àpáta. Inú mi á dùn. Lẹ́yìn náà inú mi á bàjẹ́, nítorí kò sí ẹni tí mo lè fọwọ́ tọ́ kí n sọ fún pé, "Wò ó." Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé nígbà náà nìyẹn: ẹnì kan, èèyàn mi, tí màá sọ ọ́ fún.

Nígbà tí mo wálé fún ọlidé, mo sọ fún màámi pé mò ń gun òkè. Ó gbé ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Òkè? Ìwọ nìkan? Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọlọ́run ṣeun. Mo ti ń rò ó pé ta ló ń gbé wa dúró látọjọ́ yìí."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àgbàlá ti gbọ́. Bàbá akọ̀wé kan ní yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró níbi iṣẹ́, ṣí fìlà fún mi. "Tíṣà, tẹ́ ẹ bá ti padà dórí òkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí mi." Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, èmi kì í gbàdúrà níbẹ̀. Mo kàn ń rìn ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo mọ̀. Wọn kì í sọ ọ́ síta." Bàbá mi ni kò béèrè àdúrà. Ó wò mí láti ẹ̀gbẹ́ rédíò rẹ̀, ó ní, "Àwọn baba wa gun àpáta torí ogun. Kí ló ń lé ìwọ?" Mo ní kò sí ohun tó ń lé mi. Ó ní irọ́ ni, ó sì gbé etí rẹ̀ padà sí rédíò.

Inú mi kì í pẹ́ ru, kí n má parọ́. Mo kọjú sí màámi, mo ní, "Ẹ wá wò ó fúnra yín, mà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, tí àdúrà bá sì wá sí yín lẹ́nu, ẹ gbà á." Mo rò pé á bá mi wí. Ṣùgbọ́n ó ní, "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Màá wá. Tí ọyẹ́ bá ti lọ, màá wá bá ẹ gun ún."

Lọ́jọ́ kejì mo ra bàtà kánfáàsì funfun fún un lọ́jà Bàrígà. Ó wọ̀ ọ́, ó rìn yí àgbàlá ká, àwọn ayálégbé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìyá Tíṣà ti di agbábọ́ọ̀lù. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo padà sókè Ọya pẹ̀lú ayọ̀ tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀nà ṣe dè é. Ọ̀nà tèmi ṣe tààrà jù fún ẹsẹ̀ àgbà, torí náà mo wá èyí tó rọ́ kọ́lọkọ̀lọ, mo sì ń kó àwọn òkúta tó lè yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kúrò. Lábẹ́ igi oṣè kan tó wà ní agbedeméjì, mo to òkúta pẹlẹbẹ jọ bí àga, mo sì ṣe ibi tí á fẹ̀yìn tì sí i, torí ìbàdí máa ń dun màámi. Mi ò jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé òun ló máa kọ́kọ́ jókòó sí i.

Awakọ̀ kan tó ń fi lọ́rì kó àlùbọ́sà lọ sí Èkó, tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Bàrígà, ló ń bá wa jíṣẹ́ fún ara wa. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní, "Ìyá ẹ ní kó o máa retí òun." Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Nígbà tó tún dé, ó ní, "Wọ́n ti dá bàbá ẹ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ẹ ní ó di ẹ̀yìn òjò." Lẹ́yìn òjò, àpò gàrí kan ló gbé wá fún mi. Mo bi í pé kí ni màámi sọ nípa wíwá. Ó ní kò sọ nǹkan kan.

Ó dùn mí wọ egungun. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣèlérí fún ọmọdé kó lè dákẹ́ ló ṣèlérí fún mi. Mo padà sí ọ̀nà mi tó ṣe tààrà, mi ò gba abẹ́ igi oṣè mọ́.

Nígbà tí ọlidé mìíràn dé, ọkọ̀ gbé mi dé Ṣómólú láàárọ̀. Bàbá mi jókòó síta, rédíò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo béèrè màámi.

"Ó ti lọ gun òkè rẹ̀."

"Òkè wo, sà? Ní Ṣómólú níbí?"

"Lọ sétí omi ní Bàrígà. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀."

Létí ọ̀sà ní Bàrígà, àwọn ọkùnrin máa ń mòòkùn lọ bu iyanrìn nísàlẹ̀ omi. Ọkọ̀ ojú omi á gbé e wá sí èbúté, wọ́n á wá fi agbọ̀n rù ú lọ kó jọ de àwọn oní-lọ́rì. Òkìtì tọjọ́ náà ga ju òrùlé ilé lọ. Obìnrin kan ń gun ún. Bàtà kánfáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kan sókè, iyanrìn á fà á padà díẹ̀, á tún gbé òmíràn. Àwọn tó ru agbọ̀n ń yà fún un. Ọ̀kan nínú wọn rí i pé mò ń wò, ó ní, "Ìyá Olókè wa nìyẹn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń wá. A ní kí ni wọ́n ń wá lórí iyanrìn, wọ́n ní àwọn ní ìrìn-àjò."

Mo bọ́ bàtà mi, mo gun òkìtì náà lọ bá a. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi.

"O ti dé," ó ní. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣé tìẹ ga tó báyìí?"

"Ó fẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mà."

Mo bi í pé àdúrà wo ló máa ń gbà níbẹ̀. Ó mi orí. "Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń gbà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti dákẹ́. Omi ni mo máa ń wò." Ó di apá mi mú, ó nawọ́ sí ojú ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ iyanrìn kan ti ń bọ̀, tí wọ́n rán àpò ìrẹsì pọ̀ fi ṣe ìgbòkun rẹ̀, tí atẹ́gùn fẹ́ ìgbòkun náà kún.

"Wò ó," ó ní.

Mo wò ó. Mo wò ó títí ọkọ̀ náà fi sún mọ́ èbúté.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Owó ọkọ̀ ti di oúnjẹ, ọmọ mi. Mi ò lè wá mọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa rán ẹlòmíràn kó sọ ọ́ fún ẹ." Mo ní mo ti gbọ́, mà. Lọ́rì kan ti fẹ̀yìn wọlé nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn náà lábẹ́ wa. A di ara wa lọ́wọ́ mú, a sọ̀ kalẹ̀.

Màámi kò dé òkè Ọya rí. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo padà, mo gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ náà. Àga òkúta ṣì wà lábẹ́ igi oṣè, ọyẹ́ ti fẹ́ iyanrìn bò ó. Mo fi ọwọ́ gbá a mọ́, mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.