Ẹyin Tí Ìyá Àgbà Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Bó

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré ní Òkákà, adìẹ pọ̀ nínú agbo ilé wa débi pé ẹni tó bá fẹ́ jókòó ní láti kọ́kọ́ wo ibi tó fẹ́ fìdí lé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni wọ́n. Ẹyin wọn a máa kún igbá, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé kan nínú wa tó mọ adùn rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Wọ́n á kó o lọ sọ́jà, bàbá wa á sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, bí ẹni pé olè jíjà kì í ran àgbàlagbà.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ fún yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀kọ mímu ni láàárọ̀, ẹ̀kọ mímu ni lálẹ́. Ó ń yó, ṣùgbọ́n kò ga. Ẹ̀wù tí wọ́n rán fún un lọ́dún kan ṣì ń bá a mu lọ́dún kejì. Wọ́n ní bàbá bàbá wa ló jọ, pé èèyàn kúkúrú lòun náà. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi tún lóyún, ó mú àbúrò mi dání lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wo ọmọ náà, ó béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ó wá sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìran rárá. Ohun tí egungun fi ń dàgbà ni kò sí nínú oúnjẹ rẹ̀. Ó dárúkọ ẹ̀wà, ẹja, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, ó sì dárúkọ ẹyin. Ìyá mi sunkún bọ̀ wálé, torí ìyàwó ilé wo ló máa sọ irú èyí fún ìyá ọkọ rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ló wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ dópin.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo gbọ́. Mo ní àbúrò kan rí. Adìẹ ló jí tí wọ́n fi lé e kúrò nílùú yìí, títí dòní n ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Wọ́n ní ẹyin ló fi bẹ̀rẹ̀."

A ti rò pé ahun ló ń ṣe Ìyá Àgbà. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Nígbà náà, ṣé wọ́n ń fún àbúrò yín ní ẹyin jẹ ni, àbí ó kàn ń fojú wò ó?"

Ìyá Àgbà ní, "Ó kàn ń fojú wò ó ni."

"Ẹ fi ọwọ́ ara yín fún ọmọ yìí ní ẹyin, Ìyá. Ohun tí ẹ bá fún un, kò ní jí i."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà se ẹyin, ó bó o, ó rún un sínú ẹ̀kọ àbúrò mi. Ó ń ṣọ́ ọ bí ẹni pé olè máa yọ lára rẹ̀ kó tó gbé e mì. Nígbà tí àbúrò mi lá abọ́ náà tán, ó nà án sí Ìyá Àgbà pé òun tún fẹ́ sí i. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí aṣọ nu ojú.

Ọmọ tí ìyá mi bí lẹ́yìn náà jẹ ẹyin láti ìgbà tó ti ń jókòó, ó sì ga ju gbogbo wa lọ. Àbúrò mi lágbára sí i, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún gíga. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ pé kí ọmọ tó pé ọdún méjì ni ara ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá gíga yẹn.

Lónìí, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù pé ẹyin ń sọni di olè mọ́. Síbẹ̀, mo ń rí àwọn ìyá ọlọ́mọ lọ́jà Ìwéré-Ilé tí wọ́n ń ta ẹyin adìẹ wọn, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ra bisikíìtì fún ọmọ. Èèwọ̀ ti lọ, ẹyin ò tíì dé ẹnu ọmọ. N kì í bú wọn, torí ìfẹ́ ọmọ ló ń ṣe wọ́n, bó ṣe ṣe Ìyá Àgbà náà. Mo kàn ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n fún ọmọ ní ẹyin náà jẹ, bí mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin náà.

Èmi obìnrin rèé, mo ti darúgbó, ẹ̀yìn mi ti tẹ̀. Bí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin bá dúró pọ̀, èjìká mi ni orí rẹ̀ mọ.