Pélé Ìyá Ìyàwó

Ẹni tó bá sọ pé irú ojú kan ṣoṣo ló rẹwà káyé, kò tíì kun ojú fún èèyàn rí. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn ní Gonzagueville, ní Abidjan. Láàárọ̀ ìgbéyàwó kan, ìyàwó ní kí n fi àtíkè bo pélé tó wà lójú ìyá òun, kí fọ́tò lè dáa. Mo bò ó títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fi dán bíi ti ọmọdé.

Bàbá ìyàwó wọlé, wọ́n kí ìyá bí ẹni kí àlejò: "Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ jọ̀ọ́, níbo nìyá ọmọ mi wà?"

Ìyá gba aṣọ ìnujú lọ́wọ́ mi, wọ́n nu àtíkè náà kúrò, wọ́n wá kọjú sí ọmọ wọn.

"Pélé yìí ni bàbá rẹ rí tó fi tẹ̀lé mi dé Abidjan. Fọ́tò rẹ á fara dà á."