Màmá Lọ́lá ń dá hóònù lóhùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá Lọ́lá fún yín. Èkìtì ni wọ́n ti wá. Nígbà tí ọkọ wọn kú ni Lọ́lá ọmọ wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mú wọn wá sí Johannesburg níbí. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Yeoville, yàrá tèmi ló tẹ̀ lé tiwọn.

Iṣẹ́ alẹ́ ni Lọ́lá ń ṣe, ọ̀sán ló ń sùn, bẹ́ẹ̀ títì iwájú ilé wa kì í dákẹ́. Hóònù ni àwọn táásì ibí fi ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn pé ṣé ó ń lọ. Tó o bá ń lọ sáàárín ìlú, wàá na ìka kan sókè, wọ́n á dúró. Thandeka, ará Súlú tó wà lókè wa, ní òun ò tiẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ ni. Èmi ní tèmi, rédíò ni mo fi ń bò ó mọ́lẹ̀.

Màmá ò mọ gbogbo ìyẹn. Wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Táásì kan tẹ hóònù, Màmá nawọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi." Ọkọ̀ dúró. Òmíràn tẹ tiẹ̀, Màmá tún dáhùn, ìyẹn náà dúró. Èrò inú ọkọ̀ ń kùn, awakọ̀ ń béèrè ibi tí Màmá ń lọ, Thandeka ń rẹ́rìn-ín lókè.

Mo sáré jáde. "Mà, ìbéèrè ni wọ́n ń bi yín o, wọn ò kí yín."

"Ọmọ ọlọ́mọ ń pè mí, kí n wá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́?"

Ariwo yẹn jí Lọ́lá. Lọ́jọ́ kejì, ó mú onífèrèsé wá pé kó fi gíláàsì tó nípọn sí fèrèsé yàrá tòun àti ti Màmá kí ariwo má baà wọlé, ó sì bẹ Màmá kí wọ́n má jókòó síta mọ́. Màmá ò jà. Wọ́n gbé àpótí wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ká ìró sínú rẹ̀.

"Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń palẹ̀ mọ́. Ò ń sùn lọ́sàn-án, ò ń lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́, mi ò bá ọ wí. Àmọ́ ariwo tó o fẹ́ tì síta yẹn, òun nìkan ló mọ̀ pé mo wà nílé."

Lọ́lá jókòó tì wọ́n. Nígbà tó yá, ó dìde lọ bá onífèrèsé. Mo gbọ́ tó ní, "Yàrá tèmi nìkan ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ fi ti màámi sílẹ̀."

Màmá ní, "Ṣé wàá wá rí oorun sùn?"

"Màá rí i, mà. Ẹ ṣáà má nawọ́ mọ́."

"Ẹnu ńkọ́?"

"Ẹ fi ẹnu kí wọn dalẹ́ tó bá wù yín."

Mo bá wọn kó ìró padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.