Òkúta Iyọ̀ Sisí Dúpẹ́

Òórùn igi òkúmé tútù ló máa ń jí wa ní Awendjé. Ara aṣọ iṣẹ́ Bàbá ló ti ń wá, torí ilé ìlagi ló ti ń ṣiṣẹ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ti rọ̀, òórùn náà sì kún gbogbo yàrá. Òmìnira Gabon kò tíì pẹ́ nígbà náà. Àsíá iwájú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa ṣì ń dán.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi, Sisí Dúpẹ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣàlàyé òkúta fún àwọn òbí. Màsọ̀ọ̀, obìnrin òyìnbó ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń kọ́ wọn, yá a ní mẹ́ta: ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú bí inú pẹ́ńsù, ọ̀kan kékeré tó mọ́ gaara bíi dígí. Bàbá ti fẹ́ dá Sisí padà sí Ìjẹ̀bú kó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ó ní, "Tí mo bá fojú ara mi rí i pé ìwé yé ọ, mi ò ní dí ọ lọ́wọ́."

Màmá a máa sọ pé, "Ohun tó bá ń lọ síwájú àgbà, omi ni yóò kọ́kọ́ rí." Ó rẹ òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí ìdọ̀tí wọn lè rọ̀, ó sì jókòó di irun fún Sisí. Ìgbà tí irun parí, òkúta méjì ló kù.

"Màmá, èyí tó mọ́ gaara dà?"

"Ó wà níbẹ̀. Ta ni yóò jí òkúta?"

"Iyọ̀ ni o!"

"Iyọ̀ tó rí bíi dígí?" Màmá ti ìka bọ omi, ó tọ́ ọ wò. "Yéè! Mo gbé!"

Sisí kò sunkún. Ó gbé abọ́ náà rù, ó gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ.

Ó fi Faransé ṣàlàyé pé nínú iyọ̀, átọ́ọ̀mù kan a fún èkejì ní nǹkan ara rẹ̀, ìyẹn ló so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n omi lè wọ àárín wọn, kó tú wọn ká. Ti òkúta funfun, ńṣe ni wọ́n jọ di nǹkan kan náà mú níhà gbogbo, omi kò ríbi wọlé. Ti dúdú, pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ ni. Pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan le, àmọ́ ọ̀kan ń yọ̀ lórí èkejì, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ̀wé. Ó wá gbé omi fún Màsọ̀ọ̀ tọ́ wò. Màsọ̀ọ̀ fajú ro, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá kò gbọ́ Faransé. Ẹ̀rín ló gbọ́. Òkúta ọmọ ẹlòmíràn wà lódindi, abọ́ omi ló wà níwájú ọmọ tirẹ̀. Ó dìde, ó jáde. Nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ó ti dé títì.

"Wọ́n fi ọmọ mi ṣẹlẹ́yà," ó sọ fún Màmá nígbà tí a délé.

"Bàbá Dúpẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un!"

"O kàn fẹ́ tù mí nínú ni."

Màmá se omi náà gbẹ nírọ̀lẹ́. Iyọ̀ padà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú, bí iyọ̀ ọbẹ̀ lásán. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó tún wọlé, Sisí ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìjẹ̀bú.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tọ́ mi. Ìsopọ̀ átọ́ọ̀mù yìí kan náà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ lónìí. Nígbà èwe mi, mo rò pé bí Sisí ṣe lọ náà ni yóò ṣe padà. Lẹ́yìn ikú Bàbá, ó wá kí wa, ó sì wọn aṣọ sí mi lára. Mo gbé òkúta iyọ̀ kan lé e lọ́wọ́. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò mi, kí ni wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní Faransé?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti kàwé kọjá ẹ̀gbọ́n mi, kò sì dùn mọ́ mi rárá.